Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi

Èmi ni mo béèrè. Ẹ má wá ẹlòmíràn.
Ọjọ́ Àìkú ni, kùrukùru ti bo òkè São Jorge
débi pé a kò rí òkun mọ́, gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ.
Wàràkàṣì wà lórí tábìlì, ọbẹ̀ ẹja ń rú èéfín,
mo kọjú sí Valdemar, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,
mo ní: "Ṣé wọ́n bí i mọ́ ọ ni, àbí o yàn án?"
bí ẹni ń béèrè iye tí wọ́n ra màlúù.

Ṣíbí dúró. Eulália, ìyá rẹ̀, wo ògiri.
Ọmọ náà kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni,
bí ó ṣe ń rẹ ẹni tí wọ́n dá padà
lẹ́nu ibodè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
Ó ní: "Mo ti gbẹ́lẹ̀ wá gbòǹgbò rẹ̀.
Ibi tí mo bá gbẹ́ dé, mo ń bá a níbẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ, lórí ògiri èbúté,
mò ń wo ọmọ apẹja kan tó ń ká okùn.
Mọ́mì ṣì ń bá mi yan bàtà nígbà náà."

Mo ní àwọn kan máa ń yàn án. Mo ní mo ti gbọ́ ọ.
(N kò gbọ́ ọ níbì kankan. Ẹnu mi ló sáré ṣíwájú mi.)

Ibẹ̀ ni ife wáìnì ti yẹ̀ létí tábìlì,
ìgbọ̀nwọ́ mi ló kọ lù ú.
Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ọwọ́ kan ti yọ,
ó hán an lójú òfuurufú, ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀.
Ọwọ́ Deolinda, ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Òsì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ yẹn.
Ní kékeré rẹ̀, tíṣà fi okùn so ó mọ́ àga
fún ọdún méjì gbáko, kí ọ̀tún lè kọ́ ìwé.
Ọ̀tún kọ́ ọ. Ọ̀tún fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó,
ọ̀tún kọ lẹ́tà sí bàbá mi ní Kánádà,
gbogbo abúlé sì gbà pé ara rẹ̀ ti yá.
Èmi náà gbà. Àádọ́ta ọdún ni mo fi jẹun níwájú rẹ̀,
n kò rí i kí òsì ṣe ju pé kó di àwo mú lọ.
Àṣé ó wà níbẹ̀.
Àṣé kò sùn.

Màmá gbé ife kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà
bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ́jà.
Ó ní: "Èyí, n kò yàn án. Okùn ni wọ́n yàn fún mi.
Ṣùgbọ́n bàbá yín, mo yàn án.
Ìyá mi sunkún, ó ní kí n má fẹ́ ẹ.
Ṣé torí pé mo yàn án, kì í wá ṣe tèmi ni?"
Ó bu ọbẹ̀ sí i fún Valdemar.

Lóru, oorun kọ̀ mí.
Mo wá ọjọ́ tí mo yan Filomena, ìyàwó mi:
ẹ̀rín rẹ̀ nínú ọgbà àjàrà ni mo rí,
n kò rí yíyàn kankan.
Bóyá a ti kúnlẹ̀ níbì kan kí á tó dé,
a tọ́ka, a ní tèmi rèé, a sì gbàgbé;
kí wá ni mò ń pín sí méjì láàrin àwọn ènìyàn?
N kò mọ̀. Darandaran ni mí.

Ìdájí, Valdemar wọ bàtà òjò, ó wá bá mi fún wàrà.
Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi. Èyí tó jáde nìyí:
"Telmo rẹ yẹn, ṣé ó ń jẹ ẹja?"
"Rárá o. Ẹja máa ń mú ara rẹ̀ lé ròrò."
"Ṣé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, àbí ó yàn án?"
Ó rẹ́rìn-ín títí màlúù fi ta korobá dànù,
wàrà ń ṣàn lọ lẹ́sẹ̀ wa.

Nílé ìdáná, ọbẹ ń gé búrẹ́dì.
N kò yọjú wo ọwọ́ tó dì í mú.